Ṣé òótọ́ ni pé rédà kankan kò lè rí bàálù ajagun F-35?

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Òṣogbo. Iyàn kan wáyé láàárín wa lórí bàálù ajagun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní F-22 àti F-35. Èmi sọ pé àféèrí ni, pé tó bá ti gbéra nílẹ̀, rédà kankan láyé yìí kò lè rí i mọ́. Bàbá ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ sójà fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ará Serbia ti fi mísáìlì àtijọ́ já irú rẹ̀ lulẹ̀ ní 1999, pé ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀. Ta ló jàre nínú wa? Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni agbára rẹ̀, kí ló dé tí ìjọba wa kò ra bíi mẹ́ta péré, kí wọ́n fi pa àwọn agbébọn inú igbó run?"

Àbúrò mi, bàbá ọ̀rẹ́ rẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1999, ìwọ náà sì tọ̀nà pé àwọn bàálù wọ̀nyí ní agbára tí àwọn tó ṣáájú wọn kò ní. Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti ṣì í ni pé ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ rírí àti àìrí. Rédà ń rí F-35. Ó ń rí F-22 pẹ̀lú. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bi ara yín ni pé láti ibo ló ti rí i, irú rédà wo ló rí i, ṣé ohun tó rí tó láti fi darí mísáìlì dé ara rẹ̀, àti pé ìṣẹ́jú mélòó ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó rí i. Gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí irú bàálù yìí, nítorí ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni.

Iṣẹ́ rédà kò le lóye. Ó ń ju ìgbì rédíò sójú òfurufú. Ìgbì náà á kọ lu ohun tó bá pàdé, á fọ́n ká, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà síbi tó ti wá. Díẹ̀ tó padà yẹn ni rédà fi ń mọ ibi tí nǹkan wà, bó ṣe jìnnà tó àti bó ṣe ń sáré tó. Mítà onígun mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí nǹkan ṣe hàn sí rédà tó, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí kò bá títóbi bàálù lọ rárá. B-2, bàálù ńlá Amẹ́ríkà tó ń ju bọ́ǹbù, tí apá rẹ̀ fẹ̀ ju mítà 52 lọ, kò hàn tó bàálù ajagun F-15 tí apá tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 13 lọ, nítorí pé wọ́n fara balẹ̀ gé gbogbo etí àti igun ara B-2, ẹnikẹ́ni kò sì ro ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí wọ́n ń kọ́ F-15. Iye gan-an tí F-22 tàbí F-35 jẹ́ lórí òṣùwọ̀n yìí, àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà ni. Àwọn tó ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kò hàn ju bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lọ, ọ̀rọ̀ ìpolówó ni wọ́n ń tún sọ. Kódà iye tí wọ́n ń dá yẹn, iwájú bàálù nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn kì í kà sí. Ìgbì rédà ń fọ́n ká nígbà tó ń lọ, èyí tó padà náà ń fọ́n ká nígbà tó ń bọ̀, nítorí náà agbára tó ń padà dé ilé ń ṣòfò gan-an bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà sí i. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí o bá dín bí bàálù ṣe ń hàn kù sí ìdá kan nínú 16, ìdajì péré ni ibi tí rédà ti lè rí i yóò fi dín kù. Kí ó tó lè dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, o ní láti dín bí bàálù ṣe ń hàn kù sí ìdá kan nínú 10,000. Mú rédà kan tó lè rí bàálù tó hàn tó mítà onígun mẹ́rin kan láti 200 kìlómítà. Rédà yẹn kan náà yóò rí èyí tó jẹ́ 0.0001 láti 20 kìlómítà. Ó rí i, kò parẹ́. Ṣùgbọ́n bàálù tó ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ kìlómítà 15 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú 13 láti jí àwọn ènìyàn rẹ̀, láti mọ ẹni tó ń bọ̀, láti gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá àti láti yin mísáìlì, ìṣẹ́jú àáyá 80 péré ló wá kù fún un. Bọ́ǹbù kékeré tí wọ́n ń pè ní GBU-39 sì lè fò ju 70 kìlómítà lọ bí wọ́n bá jù ú láti òkè réré. Ìyẹn ni pé bàálù náà lè ti ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó sì ti yí padà kí rédà yẹn tó kófìrí rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ agbára tí mo gbà pé ó ní ní tòótọ́, òun nìyí: ó ń jí àkókò mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìrísí ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, ọ̀dà ló tẹ̀lé e. Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí nínú òkùnkùn, tí dígí náà sì kọjú sí ọ gbọnrangandan, ìmọ́lẹ̀ á padà lù ọ́ lójú; tẹ dígí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ibòmíràn lọ, wàá sì rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ara bàálù ṣe nìyẹn. Onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Soviet kan, Pyotr Ufimtsev, ló tẹ ìṣirò bí ìgbì ṣe ń fọ́n ká létí nǹkan jáde ní Moscow ní 1962, ìjọba rẹ̀ kò sì rí i bí ohun tó yẹ kí wọ́n fi pamọ́. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1971. Ní Lockheed, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ bàálù, Denys Overholser kà á, ó sì rí i pé pẹ̀lú rẹ̀ òun lè fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí bàálù kan yóò ṣe hàn kí wọ́n tó kọ́ ọ rárá. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò lágbára tó láti ṣírò ara tó tẹ̀, ìdí nìyẹn tí F-117, bàálù ogun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí kọ́, tó kọ́kọ́ fò ní 1981 tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fi pamọ́ fún aráyé títí di 1988, fi rí bí ohun tí wọ́n fi páálí pẹlẹbẹ lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ya F-22 àti B-2, kọ̀ǹpútà ti lágbára, ara bàálù sì lè tẹ̀ kọrọdọ.

Wo àwòrán F-22 dáadáa. Wàá rí i pé etí iwájú apá rẹ̀ àti etí iwájú ìrù rẹ̀ dagun sí ìhà kan náà, kí gbogbo ìgbì tó bá kọ lù wọ́n lè jọ gba ọ̀nà méjì mẹ́ta péré lọ dípò kí ó fọ́n sí gbogbo ayé. Ìrù méjì tó nà sókè kò dúró ṣánṣán, wọ́n tẹ̀ síta. Etí àwọn ilẹ̀kùn abẹ́ rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí eyín ayùn. Ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́ kọ́rọ́ nínú, kí rédà tó bá yọjú wo inú rẹ̀ má lè rí abẹ ẹ́ńjìnnì tó ń yí, nítorí abẹ yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń hàn jù lára bàálù. Dígí tó bo orí awakọ̀ ní ìpele tín-ín-rín tó dà bí irin tí wọ́n fi kùn ún. Bí kò bá sí i, ìgbì á wọlé, á kọ lu àga, orí awakọ̀ àti gbogbo ẹ̀rọ inú ibẹ̀, á sì padà sọ́dọ̀ rédà. Mísáìlì àti bọ́ǹbù ń bẹ nínú ikùn. Ìdí tí F-35 fi sanra níkùn bẹ́ẹ̀ nìyẹn: ó gbé epo tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́jọ àti ohun ìjà rẹ̀ sínú.

Ọ̀dà tí wọ́n ń kùn ún wá ń gbé díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù mì, ó ń sọ agbára ìgbì di ooru. Ibí yìí gan-an ni àléébù ńlá wà. Kí ọ̀dà tó lè pa ìgbì dáadáa, nínípọn rẹ̀ ní láti bá gígùn ìgbì náà mu. Ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì ni wọ́n sábà máa ń fojú sùn. Rédà tó ń darí mísáìlì ń lo ìgbì tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Èyí ṣeé kápá, ìpele tí kò nípọn ti tó. Ṣùgbọ́n àwọn rédà àtijọ́ kan wà tó ń lo ìgbì tó gùn tó mítà méjì. Ọ̀dà wo lo fẹ́ kùn sára bàálù tí yóò nípọn tó ìdajì mítà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ìgbì bá ti gùn tó bẹ́ẹ̀, ìrù bàálù tàbí ṣóńṣó apá rẹ̀ bá a dọ́gba, ìgbì náà sì ń mú un gbọ̀n bí eriali. Gbogbo ọgbọ́n pé a dagun síbí, a tẹ̀ sọ́hùn-ún, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ níbẹ̀.

Ohun tí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1999, ọjọ́ kẹrin tí NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Yugoslavia, tí Serbia wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ikọ̀ mísáìlì kan tí Zoltán Dani ń darí já F-117 kan lulẹ̀ nítòsí abúlé Buđanovci, ní ìwọ̀ oòrùn Belgrade. Mísáìlì S-125 ni wọ́n lò, èyí tí ilẹ̀ Soviet ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Rédà tó kọ́kọ́ fura sí bàálù náà ni P-18, tó ń lo ìgbì nǹkan bíi mítà méjì. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìgbì gígùn ń rí nǹkan gbàgàgbàgà ni. Bí ìtànṣán rédà bá fẹ̀ tó digiri mẹ́fà, ní 50 kìlómítà ó ti fẹ̀ ju kìlómítà márùn-ún lọ. Ó lè sọ fún ọ pé àlejò wà ní ìhà ìsàlẹ̀ ìlú, kò lè sọ ilé tó wọ̀. O kò lè fi irú ìyẹn darí mísáìlì. Rédà kékeré tó ń lo ìgbì kúkúrú ni yóò mú un gbá, ìyẹn kò sì rí F-117 náà mú títí ó fi dé nǹkan bíi kìlómítà 13. Dani ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ tan rédà yẹn kọjá ìṣẹ́jú àáyá 20, nítorí bí ó bá pẹ́ jù, mísáìlì tó ń tọ ìgbì rédà bọ̀ yóò wá pa wọ́n. Wọ́n sì ń kó ẹrù wọn kúrò láti ibì kan dé ibòmíràn lemọ́lemọ́.

Àwọn Amẹ́ríkà náà ràn wọ́n lọ́wọ́ láìmọ̀. Aviano ní Ítálì ni F-117 wọ̀nyí ti ń gbéra, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà lálẹ́ lẹ́yìn alẹ́, débi pé ẹni tó bá fara balẹ̀ lè mọ ibi tí wọn yóò gbà padà. Àwọn bàálù EA-6B tó máa ń fi ariwo ìgbì da rédà ọ̀tá rú kò sí nítòsí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. F-117 fúnra rẹ̀ kò ní rédà kankan, kò lè sá ju ìró lọ, kò sì ní mísáìlì tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Mísáìlì méjì ló gbéra, ọ̀kan bú gbàmù nítòsí rẹ̀. Awakọ̀ náà, Dale Zelko, já ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì wá a rí láàárín wákàtí mélòó kan. Inú mi máa ń dùn láti sọ ọ́ pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Zelko lọ kí Dani ní Serbia, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ ara wọn. Ogun náà gba ọjọ́ 78, F-117 fò ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà, ẹyọ kan yẹn nìkan ni wọ́n sì já bọ́. Nítorí náà bàbá jàre pé ó ṣeé já bọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ariwo lásán. Ohun tí alẹ́ ọjọ́ yẹn kọ́ni ni pé bí ẹni tó ní irú bàálù bẹ́ẹ̀ bá sọ ìrìn rẹ̀ di àṣà, tí ẹni tó wà nílẹ̀ sì ní sùúrù àti ìbáwí, kìlómítà 13 tó.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín F-117 ìgbà yẹn àti F-35 òde òní tóbi ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, kò sì sí nínú ọ̀dà tàbí ìrísí. F-117 ń fojú dídì rìn ní ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún un. F-35 ń gbọ́, ó ń wò, ó sì ń rò. Ó ní eriali káàkiri ara rẹ̀ tó ń gbọ́ rédà ọ̀tá, tó ń mọ irú èyí tó jẹ́ àti ibi tó wà. Ó ní kámẹ́rà ooru mẹ́fà tó yí ara rẹ̀ ká, débi pé awakọ̀ lè wo ilẹ̀ tààrà láti inú àṣíborí rẹ̀ bíi pé kò sí irin lábẹ́ rẹ̀. Àṣíborí ọ̀hún nìkan ń gba nǹkan bíi 400,000 dọ́là. Rédà tirẹ̀ kì í yí, eriali kékeré tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló kóra jọ síwájú rẹ̀, wọ́n sì lè fọ́n ìgbì wọn ká lọ́nà tí yóò ṣòro fún ọ̀tá láti gbọ́. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń pa gbogbo èyí pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo fún awakọ̀, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn F-35 yòókù lórí ìgbì tó tín-ín-rín bí okùn. Awakọ̀ wá ń rí lójú pátákó bí rédà kọ̀ọ̀kan ṣe lè rí òun tó, yóò sì gba àárín wọn kọjá, yóò máa kọ iwájú rẹ̀ tó fara sin jù sí èyí tó léwu jù. Láìsí ìmọ̀ yìí, fífarapamọ́ bàálù kò ju ìrètí lọ.

F-22 tiẹ̀ dá yàtọ̀ ní ti eré àti gíga: ó lè sáré ju ìró lọ fún ìgbà pípẹ́ láìtan iná ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń tẹ̀ sókè sódò láti yí i lójijì. Kìkì 187 ni wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ ogun, òfin Amẹ́ríkà kò sì gbà kí wọ́n tà á fún ilẹ̀ kankan. Ti Ṣáínà ni J-20, tó kọ́kọ́ fò ní 2011. Ti Rọ́ṣíà ni Su-57, tó kọ́kọ́ fò ní 2010, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà kò sì tíì ní púpọ̀ rẹ̀.

Wàyí o, àwọn ibi tí agbára yìí ti ń tán. Èkíní ni ooru. Ẹ́ńjìnnì F-35 kan ṣoṣo yẹn wà lára àwọn tó lágbára jù tí wọ́n tíì fi sínú bàálù ajagun, ohun tó ń jó bẹ́ẹ̀ kò sì lè fi ooru rẹ̀ pamọ́ tán. Etí apá rẹ̀ pàápàá ń gbóná nítorí afẹ́fẹ́ tó ń pa á lára. Kámẹ́rà ooru tó dára lè rí i láti ọ̀nà jíjìn bí ojú ọjọ́ bá mọ́, àmọ́ ìkùukùu àti ọ̀rinrin ń dí i lójú, kò sì rọrùn fún un láti sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Èkejì ni ojú lásán. Ní 2012, nígbà ìdánrawò Red Flag ní Alaska, àwọn awakọ̀ bàálù ajagun Eurofighter ti ilẹ̀ Jámánì bá F-22 jìjàkadì nítòsí, àwọn ará Jámánì sì ní àwọn borí nínú díẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n ti fi òfin ìdánrawò gbé wọn súnmọ́ra kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ogun gidi, gbogbo akitiyan awakọ̀ F-22 ni pé kí ọ̀rọ̀ má débẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ikùn kò gba púpọ̀. F-35A, ọ̀kan nínú oríṣi F-35 mẹ́ta tó wà, lè gbé bọ́ǹbù ńlá méjì àti mísáìlì méjì sínú. Bí wọ́n bá so ohun ìjà kọ́ abẹ́ apá rẹ̀, yóò gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n yóò hàn sí rédà bíi bàálù ajagun tí kò ní ọgbọ́n yìí. Nígbà tí ilẹ̀kùn ikùn bá sì ṣí, fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ń tàn bí ohun tí kò bò rárá.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dá rán wọn. Nígbà tí B-2 méje lọ ju bọ́ǹbù sí ibùdó átọ́míìkì Fordow àti Natanz ní Iran ní oṣù Kẹfà 2025, bàálù tó kópa nínú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní 125: àwọn tó ń gbé epo, àwọn tó ń ṣọ́ wọn, àwọn tó ń fi àrékérekè tan ọ̀tá lọ sí ìhà ibòmíràn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé bàálù kan ló lọ tó bọ̀ láìsí ẹni tó rí i, kò rí àwọn yòókù ni.

Ọ̀pọ̀ tún máa ń béèrè pé bí rédà kò bá rí F-35 dáadáa, báwo ló ṣe ń balẹ̀ láìforí sọ bàálù èrò. Ní àkókò àlàáfíà, wọ́n máa ń de ike kékeré kan mọ́ ara rẹ̀ tó ń dá ìgbì rédà padà púpọ̀púpọ̀, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń pe orúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ méjì ni ike yẹn ń ṣe: ó ń gba ẹ̀mí là, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀tá tó wà nítòsí má mọ bí bàálù náà ṣe hàn tó gan-an. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, awakọ̀ F-35B (oríṣi F-35 mìíràn) kan já ara rẹ̀ sílẹ̀ ní South Carolina ní Amẹ́ríkà, bàálù náà sì ń dá fò lọ; ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rí àfọ́kù rẹ̀. Àwọn kan sọ pé bí wọ́n ṣe wá a tì fi hàn pé àféèrí ni. Ẹ̀rọ tó ń pe orúkọ rẹ̀ ló kọṣẹ́, ó sì ń fò nítòsí ilẹ̀ nínú ìkùukùu, níbi tí òkè, igi àti ilé ti ń da rédà láàmú pẹ̀lú bàálù èyíkéyìí.

Owó rẹ̀ wá ńkọ́? F-35A kan lé díẹ̀ ní 80 mílíọ̀nù dọ́là. Wákàtí kan tó bá fi fò ń jẹ ju 30,000 dọ́là lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sí ara. Gbogbo ibi tí páànù méjì ti pàdé ni wọ́n ní láti dí, gbogbo orí nọ́ọ̀tì ni wọ́n ní láti bò, nítorí àlàfo kékeré kan tó yẹ kó dí lè máa dá ìgbì padà ju gbogbo apá lọ. Bí mẹkáníìkì bá ṣí ìdérí kan láti pààrọ̀ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tó bá dé e padà: yóò tún un dí, yóò tún un kùn, yóò dúró dè é fún wákàtí pípẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà wọn yóò tún un yẹ̀ wò. Ooru, òjò àti yanrìn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀dà yìí. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní oṣù Kẹta 2023, kìkì nǹkan bí 55 nínú ọgọ́rùn-ún F-35 ilẹ̀ wọn ló wà ní ipò tó lè ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tó kọ́ ọ nìyẹn o.

Èyí gbé wa dé ìbéèrè rẹ nípa Nàìjíríà, èmi yóò sì sọ ojú abẹ níkòó. Láti sá fún rédà ni wọ́n ṣe dá bàálù yìí. Agbébọn tó wà nínú igbó Zamfara kò ní rédà. Ojú àti etí rẹ̀ ló ń lò, ìbọn ló sì ń yìn. Ní oṣù Keje 2021, ìbọn láti ilẹ̀ ni wọ́n fi já bàálù Alpha Jet ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú wa bọ́ ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Awakọ̀ rẹ̀ já ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yè. Kò sí ọ̀dà kankan láyé tó lè bo bàálù mọ́lẹ̀ fún irú ìbọn yẹn. Bí F-35 bá sì fò lókè réré kí ìbọn má bà á, yóò kọjá lórí igbó náà kíákíá, epo rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dúró pẹ́, owó ńlá á sì ti lọ. Iṣẹ́ inú igbó fẹ́ ohun tó lè máa yí po lókè fún wákàtí púpọ̀, tí kámẹ́rà rẹ̀ lè fi ìyàtọ̀ sáàárín darandaran àti agbébọn hàn, tí mẹkáníìkì wa lè tún ṣe ní ibùdó bàálù wa ní Kainji láìpe ẹnikẹ́ni láti òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé bàálù Super Tucano 12 tí Nàìjíríà rà, tó dé ní 2021, bá iṣẹ́ wa mu ju F-35 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní fáàǹ níwájú tí kò sì dára lójú bíi tiwọn. Gbogbo wọn pẹ̀lú ohun ìjà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ilé ní ibùdó kò tó 500 mílíọ̀nù dọ́là. F-35 mẹ́ta yóò jẹ ìdajì owó yẹn kí a tó kọ́ háńgà, kí a tó ra bọ́ǹbù kan, kí awakọ̀ kan tó lọ kẹ́kọ̀ọ́.

Ìyẹn náà bí wọ́n bá máa tà á fún wa. Turkey wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣe ẹ̀yà ara F-35, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ra rédà àti mísáìlì S-400 lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà yọ wọ́n kúrò ní 2019, nítorí ẹ̀rù pé rédà yẹn yóò kọ́ bí F-35 ṣe ń hàn bí ó bá ń rí i lójoojúmọ́. Ilẹ̀ tó bá rà á ń ra àṣẹ ẹlòmíràn mọ́ ọn: kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀, àti ìwé tó sọ ibi tí rédà ọ̀tá wà, gbogbo rẹ̀ ń ti òkèèrè wá.

Fi ìṣirò wọn ṣe é: bí a bá ní mẹ́ta, tí ìdajì rẹ̀ tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan tàbí méjì ni yóò máa gbéra, èyí tó kù yóò wà nílé fún ọ̀dà. Kò sí ogun tí ọ̀kan lè jà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 2023, dúróònù àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn tó ń ṣayẹyẹ Màólúdì ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ènìyàn tó lé ní 80 ló sì kú. Ohun tó sọnù lọ́jọ́ yẹn ni ìmọ̀ ẹni tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá fún mi ní owó F-35 kan ṣoṣo láti ná fún ààbò òfurufú wa, dúróònù tó ń wo nǹkan láìgbé bọ́ǹbù ni màá kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀yà ara fún àwọn bàálù tí a ti ní, kí n sì fi èyí tó kù kọ́ àwọn sójà orí ilẹ̀ tí yóò máa bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí wọn yóò sọ fún un pé ará abúlé ni àwọn tó rí yẹn, kó má yìn ín.